Ebi Kì í Kọ́ Ológbò Lọ́dẹ

  

Ológbò ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹni tó bá wọ Ládìpọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Múṣin, Èkó, ní kùtù, kí àwọn alábàárù tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ́ńjìnnì, yóò rí wọn. Ọ̀kan á ká jọ sórí ìjókòó ọkọ̀ tòkunbọ̀, ọ̀kan á na ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì, òmíràn á máa lá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò ṣàdédé ṣáko wá síbẹ̀. Àwọn ọlọ́jà ló mú ọ̀pọ̀ nínú wọn wá, nítorí èkúté. Èkúté a máa fa fóòmù ìjókòó ọkọ̀ ya láti fi tẹ́ ìtẹ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Eyín iwájú rẹ̀ kì í dẹ́kun àtihù, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ máa gé nǹkan jẹ: wáyà, rọ́bà, páálí. Wáyà ọkọ̀ tí èkúté bá sì ti fi eyín kàn, oníbàárà wo ló máa rà á?

Bó ṣe rí ní ọjà náà ló rí nínú ilé. Ọ̀pọ̀ ilé ní Múṣin ló jẹ́ ilé oníyàrá tó kọjú síra, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan là á láàárín, tí gbogbo ayálégbé sì jọ ń lo ilé ìdáná kan. Èkúté tó bá kó sí yàrá kan ti kó sí ilé gbogbo. Ìyàwó ilé kan á lọ tọrọ ọmọ ológbò lọ́dọ̀ aládùúgbò, á gbé e wálé, á sì gbọ́ ìmọ̀ràn kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀: "Má fún un lóńjẹ o! Tó bá ti yó, kò ní pa èkúté mọ́."

Ìmọ̀ràn yìí ni mo bá wá síbí láàárọ̀ yìí. Kò tọ̀nà. Òun gan-an ló sì ń ba ológbò jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, tó ń sọ ẹran tó yẹ kó jẹ́ ará ilé di ẹni tí gbogbo ará ilé ń lé kiri pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

Lára ológbò, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń mú un ṣọdẹ, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń mú un jẹun. Ẹran kékeré ni, ẹran kékeré náà ló sì ń pa jẹ. Eku kan kò lè yó o, nítorí náà ó ní láti pa tó mélòó kan lójúmọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà tó bá sì fò mọ́ eku, eku náà á bọ́. Tó bá ní kí ebi kọ́kọ́ dé kí òun tó bẹ̀rẹ̀ ọdẹ, ebi á pa á kú ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìgbàkígbà tí nǹkan kékeré bá ta pọ́ún níwájú rẹ̀, ó ti dìde. Àwọn onímọ̀ ti gbé oúnjẹ tó dùn mọ́ ológbò síwájú rẹ̀, wọ́n wá tú èkúté sílẹ̀ nígbà tó ń jẹun lọ́wọ́. Ó fi oúnjẹ sílẹ̀, ó pa èkúté náà, ó gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀, ó sì tún padà sídìí oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀.

Ológbò tó yó lè dín iṣẹ́ ọdẹ kù díẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní fi í sílẹ̀. Kí wá ni ebi ń ṣe fún un? Ebi á lé e jáde nílé. Á lọ tú ààtàn. Á ṣí ìkòkò ọbẹ̀ aládùúgbò, ìjà á dé láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Á jẹ èkúté tí oògùn ti pa sílẹ̀, á sì tẹ̀ lé e lọ. Ebi kì í kọ́ ológbò lọ́dẹ. Olè ni ebi ń kọ́ ọ.

Ta ló wá ń kọ́ ọ lọ́dẹ? Ìyá rẹ̀ ni. Tí ọmọ ológbò bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkú eku wá fún wọn. Tó bá yá, á gbé èyí tó ṣì ń mí wá. Lẹ́yìn náà, á gbé èyí tó wà láàyè sílẹ̀ níwájú wọn, á sì jókòó máa wò wọ́n. Ní ọdún 1930, onímọ̀ ará Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Zing-Yang Kuo tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó pín àwọn ọmọ ológbò sí ọ̀nà mẹ́ta. Nínú 21 tó dàgbà níbi tí wọ́n ti ń rí ìyá wọn tó ń pa èkúté, 18 ló di apèkúté. Nínú 20 tó dá gbé láìfojú kan èkúté rí, 9 ló pa èkúté. Nínú 18 tí òun àti ọmọ èkúté jọ dàgbà pọ̀, 3 péré ni. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ebi kọ́ nìyẹn. Ohun tí ojú wọn rí ní kékeré ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ọmọ ológbò, ẹ bi ẹni tó fẹ́ fún yín léèrè: ṣé ìyá rẹ̀ ń ṣọdẹ? Ẹ bi í ní ìbéèrè kejì: ṣé ènìyàn máa ń gbé àwọn ọmọ náà lọ́wọ́? Láti ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje tí wọ́n bí i ni ọmọ ológbò ń pinnu ẹni tó jẹ́ ará ilé àti ẹni tó jẹ́ àlejò. Èyí tí ènìyàn méjì, mẹ́ta, pẹ̀lú ọmọdé, ti gbé, tí wọ́n ti fọwọ́ pa lára lójoojúmọ́ láàárín àsìkò yẹn, kò ní máa sá fún ènìyàn. Èyí tí wọ́n bí sábẹ́ páálí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn títí ó fi pé oṣù mẹ́ta, ó lè pa eku dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé á wá sùn lẹ́sẹ̀ yín. Ẹ má sì gba ọmọ kúrò lẹ́nu ọmú kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ̀yin ará Ládìpọ̀ mọ̀. Èkúté ńlá inú gọ́tà, èyí tó wúwo tó 300 gíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ológbò ni kì í fẹ́ bá a jà. Ó ń buni jẹ. Ní ọdún 2018, Michael Parsons àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde láti New York, níbi tí wọ́n ti fi kámẹ́rà ṣọ́ àwọn èkúté nínú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kó pàǹtírí jọ, tí àwọn ológbò náà sì ń rìn gbéregbère níbẹ̀. Nínú ọjọ́ 79, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ológbò gbìyànjú láti pa èkúté, méjì ló sì kú. Àwọn èkúté yòókù ò lọ, wọ́n kàn fara pamọ́ ni. Eku kéékèèké inú ilé àti ọmọ èkúté ni ológbò ń pa jù. Fún èkúté gọ́tà, ẹ dí ihò, ẹ bo gọ́tà, ẹ má jẹ́ kí pàǹtírí sùn mọ́jú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má gbé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti iṣẹ́ tiyín lé ẹran tí kò wúwo ju kílò mẹ́rin lọ lórí.

Ẹ jẹ́ ká dé ìdí oúnjẹ. Ẹ̀bà pẹ̀lú omi ọbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ológbò ń jẹ ní àdúgbò wa. Ajá lè fi ìyẹn gbé ayé díẹ̀. Ológbò kò lè ṣe é. Ẹran àti ẹja ni Ọlọ́run fi ara rẹ̀ mọ. Èròjà kan wà tó ń jẹ́ taurine, inú ẹran àti ẹja ló wà, ara ológbò kò sì lè ṣe é tó fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá rí i jẹ fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ á fọ́, ọkàn rẹ̀ á sì rẹ̀. Orí ṣáwá, ìfun adìyẹ tẹ́ ẹ ti sè, ẹ̀dọ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kótè tẹ́ ẹ ti yọ egungun rẹ̀: oúnjẹ nìyẹn. Ẹ má fi àlùbọ́sà tàbí áyù sí i, nítorí wọ́n ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọbẹ̀ wo la máa ń sè láìfi àlùbọ́sà sí i? Ẹ bu ti ológbò sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó fi àlùbọ́sà àti ata sí i. Wàrà tí gbogbo ayé gbà pé ó fẹ́ràn, inú ni ó ń run fún ọ̀pọ̀ èyí tó ti dàgbà. Omi tó mọ́ tó o.

Ìyẹn lọ báyẹn. Ẹ̀kọ́ wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé ológbò kì í gbẹ̀kọ́. Ohun tó mú wọn sọ bẹ́ẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ajá ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ológbò. Àtijọ́ ni ènìyàn ti ń yan ajá tó gbọ́ràn jù láti fi bí òmíràn, nítorí ọdẹ, nítorí ẹran ọ̀sìn. Ológbò kò bá ọ̀nà yẹn wá. Láti ara ológbò inú igbó ilẹ̀ Áfíríkà, tó tàn dé ilẹ̀ Lárúbáwá, ni gbogbo ológbò ilé ti ṣẹ̀, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ìhà ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkà sínú àká, tí eku sì tẹ̀ lé ọkà. Ológbò tẹ̀ lé eku, ó fúnra rẹ̀ wọ ilé. Ní erékùṣù Cyprus, wọ́n hú sàréè kan tó ti tó 9,500 ọdún, ológbò kan ni wọ́n sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ baba ńlá rẹ̀ láti máa dúró de àṣẹ. Ẹ̀kọ́ tó ń wọ̀ ọ́ lára ni èyí tó bá rí èrè níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi pípè é ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin ọlọ́jà nílò rẹ̀ jù, torí ìrọ̀lẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn onírin, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ológbò yín wà. Ẹ wá agolo mílíìkì tó ti ṣófo àti ṣíbí kan. Ẹ rún edé gbígbẹ wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá. Kí ẹ tó gbé oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, nígbà tí inú rẹ̀ ti ń fẹ́ nǹkan, ẹ dúró nítòsí rẹ̀. Ẹ kan ṣíbí mọ́ agolo lẹ́ẹ̀kan, ẹ pe orúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ju edé kan síwájú rẹ̀ kíákíá. Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán. Ẹ tún un ṣe nígbà márùn-ún, kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró kó tó sú u. Lọ́jọ́ kejì, ẹ sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ lọ sẹ́yìn káńtà níbi tí kò ti lè rí yín. Kó tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó máa rí i tó ń bọ̀ látorí òkìtì táyà pẹ̀lú ìrù nínà sókè. Orúkọ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa pè é o. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan, tí Atsuko Saito ṣáájú wọn, fi hàn ní ọdún 2019 pé ológbò ń dá orúkọ tirẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́ ní gígùn. Tí ọmọ ilé kan bá ń pè é ní Púùsì, tí ẹlòmíràn ń pè é ní Tàígà, tí ìyá àgbà ń pè é ní Ológìnní, ìkankan kò ní wọ̀ ọ́ létí.

Ohun kan ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹ pè é, ó dé, ẹ wá kì í mọ́lẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́, tàbí kẹ́ ẹ tì í mọ́ inú àgò. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tẹ́ ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìpè ti di ìkìlọ̀ létí rẹ̀. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ mú un, ẹ lọ bá a níbi tó wà, ẹ má fi ìpè tàn án.

Ilé ìdáná ńkọ́, níbi tó ti ń fò sórí tábìlì? Ó ń fò síbẹ̀ nítorí òórùn ẹja, àti nítorí pé ológbò fẹ́ràn òkè tó ti lè máa wo gbogbo ilé. Ẹ bo ẹja, ẹ ti kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ sì fún un ní òkè tirẹ̀. Ẹ gbé àpótí ìjókòó kan sí igun ilé ìdáná, jìnnà sí sítóòfù. Ìgbàkígbà tó bá gorí rẹ̀, edé. Tó bá gorí tábìlì, ẹ má pariwo, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ kàn gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́ láìbá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì jọ ń lo ilé ìdáná kan, ẹ bá àwọn ayálégbé yòókù sọ ọ́, torí bí ẹ̀yin bá ń kọ́ ọ tí ẹnìkan ń ju eegun fún un látorí tábìlì, ẹni tó ń ju eegun ni ológbò á gbọ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ èékánná. Ológbò tó ń ya àga kò fi ìbínú ṣe é. Ó ń bọ́ èèpo èékánná rẹ̀ tó ti gbó, ó ń na iṣan, ó sì ń fi òórùn àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pé ibí ni òun ń gbé. Kò ṣeé gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wé àpò ìdọ̀họ mọ́ táyà àlòkù kan, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ògiri kó má mì, ní ẹ̀gbẹ́ àga tó ń ya gan-an. Níbi tó bá ti jí lójú oorun ló ti máa ń fẹ́ họ nǹkan, nítorí náà, ẹ má gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Táyà àlòkù ṣá kò ṣọ̀wọ́n ní Ládìpọ̀.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ lílù, ó sì ń dùn mí. Kò sí ìgbà tí lílù ń kọ́ ológbò ní ohun tí a rò pé a ń kọ́ ọ. Ó ṣe ìgbẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ní aago mẹ́ta, ẹ dé ní aago márùn-ún, ẹ wá fa imú rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ nà án. Kò lè so ìyà aago márùn-ún mọ́ ohun aago mẹ́ta. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni àyè tó wà láàárín ìwà àti èsì rẹ̀ lójú ológbò. Ẹ̀yin ló máa so ìyà náà mọ́. Á máa sá fún ẹsẹ̀ yín, á sì máa ṣe ohun kan náà nígbà tẹ́ ẹ ò sí nílé.

Ó máa ń sọ̀rọ̀ kó tó buni jẹ, àwa ni a kì í wò ó. Ìrù tó nà ṣánṣán sókè, tí ṣóńṣó rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ìkíni ni. Ìrù tó ń gbá síhìn-ín sọ́hùn-ún ń sọ pé ó tó. Tí etí bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tó lẹ̀ mọ́ orí, ẹ mú ọwọ́ kúrò, ẹ sì sọ fún ọmọdé kó mú ọwọ́ tirẹ̀ náà kúrò. Tó bá dùbúlẹ̀ fi ikùn hàn yín, ó fọkàn tán yín ni, kò ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ikùn ọ̀hún. Tó bá ń kùn hùnhùn, inú rẹ̀ dùn lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n èyí tí ara ń ro náà máa ń kùn bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí i ní èdè tirẹ̀, ẹ wò ó, kẹ́ ẹ di ojú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kẹ́ ẹ là á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Sussex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí jáde ní 2020 tó fi hàn pé ológbò máa ń dá a padà, ó sì ń tètè sún mọ́ àlejò tó bá kí i bẹ́ẹ̀. Àyè kò gbà wá láti sọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ dán èyí wò.

Èyí tó ń ṣe ìgbẹ́ tàbí tó ń tọ̀ káàkiri, ẹ wo abọ́ rẹ̀ ná. Abọ́ ńlá pẹrẹsẹ, yanrìn tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó tí àwọn káfíńtà ń gbá dànù, ní kọ̀rọ̀ tó dákẹ́, jìnnà sí oúnjẹ àti sí jẹnẹrétọ̀. Ológbò kan, abọ́ méjì. Ológbò méjì, abọ́ mẹ́ta. Ẹ kó ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Kòkòrò kan wà tó ń bá ìgbẹ́ ológbò jáde, toxoplasma, tó lè ṣe ọmọ inú oyún léṣe. Ó ń gbà tó ọjọ́ kan ó kéré tán kó tó lè ran ènìyàn, ìdí nìyẹn tí kíkó rẹ̀ lójoojúmọ́ fi ṣe pàtàkì. Aláboyún má fọwọ́ kàn án, kí ẹlòmíràn nínú ilé bá a kó o. Kò sídìí láti lé ológbò dànù nítorí oyún. Tó bá jẹ́ akọ ológbò lẹ ní, tẹ́ ẹ sì rí i tó ń lọ, tó ń bọ̀ nídìí abọ́, tó ń lóṣòó, tó ń ké, tí ìtọ̀ kò jáde, ẹ má ṣe nà án. Ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ló dí. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó lè kú. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó le jù. Aago méjì òru, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ti kú, igbe kan sọ lórí páànù, bí igbe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n gbàgbé síta. Gbogbo ilé jí. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, ẹnìkan ń wá òkúta. Ní òwúrọ̀, wọ́n ti mọ ìyá arúgbó tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin ará mi, abo ológbò tó ń wá akọ ni. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó bá ti pé oṣù mẹ́rin péré. Ní ilẹ̀ òtútù, tí ọ̀sán bá ti kúrú, ara wọn á sinmi. Ní Èkó níhìn-ín, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà láti January títí dé December, nítorí náà kò sí oṣù tí abo ológbò kò lè ké. Tí kò bá rí akọ, á tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Tó bá rí akọ, nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65, ó ti bímọ, ó sì lè lóyún mìíràn kí ó tó já àwọn ọmọ yẹn lẹ́nu ọmú. Ojú rẹ̀ tó ń tàn nínú òkùnkùn náà, awọ kan ló wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà kó lè ríran dáadáa lálẹ́. Ti màlúù náà ń tàn bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ òkò sí màlúù.

Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Mo kàn ń sọ pé omi gbígbóná tẹ́ ẹ dà lé e lórí, ara ẹran tó ń wá akọ lẹ dà á sí, orúkọ tẹ́ ẹ sì fún ìyá arúgbó yẹn kò ní kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ Abu Hurayra, sàábé Ànọ́bì tí ìfẹ́ rẹ̀ sí ọmọ ológbò wọ inú orúkọ rẹ̀. Ẹ sì ti gbọ́ hàdíísì obìnrin tó ti ológbò mọ́lé, tí kò fún un lóńjẹ, tí kò jẹ́ kó jáde lọ wá tirẹ̀, àti ibi tí ìyẹn gbé e lọ. Tí igbe òru bá sú yín, iṣẹ́ abẹ ni oògùn rẹ̀. Dókítà ẹran á ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo kó má bí mọ́, á sì tẹ akọ lọ́dàá. Akọ tí wọ́n bá ti tẹ̀ lọ́dàá kì í sábà tọ̀ sára ògiri mọ́, kì í sì í jìnnà sílé láti lọ jà. Ẹ jẹ́ kó gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ológbò tí a kò mọ̀ bá sì bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì kọrí sí ilé ìwòsàn. LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, wà ní Ìdí-Àràbà, kò jìnnà sí wa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó kan ará Ládìpọ̀ ní tààrà kún un, torí ọ̀pọ̀ ológbò ló ń ti ibẹ̀ kú. Gbogbo ohun tó bá kan irun ológbò ló ń wọ ẹnu rẹ̀, nítorí pé ó ń lá ara rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ́ìlì dúdú tẹ́ ẹ tú jáde nínú ẹ́ńjìnnì, kó má wà nínú abọ́ tí kò ní ìdérí. Kúláǹtì inú rèdíétọ̀ léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ: èyí tó bá ní ethylene glycol nínú, ìwọ̀n ṣíbí tíì kan tó láti ba kíndìnrín ológbò jẹ́ títí á fi kú. Tó bá dà sílẹ̀, ẹ da yanrìn lé e, kẹ́ ẹ gbá a kúrò, kẹ́ ẹ sì fi omi ṣan ibẹ̀. Ọta-píápíá tẹ́ ẹ fi ń pa èkúté àti aáyán, ológbò ló máa jẹ òkú èkúté náà. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa ìgò kéékèèké irú oògùn bẹ́ẹ̀, dichlorvos, ní ọjà, nítorí ẹ̀mí ènìyàn tó ń bá a lọ. Ẹ má fi Izal fọ ibi tó ń sùn, ọṣẹ àti omi tó. Tí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ má fún un ní paracetamol, hóró kan ṣoṣo lè pa á. Ìdí ẹ́ńjìnnì tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ náà wù ú láti sùn sí, pàápàá lásìkò òjò, torí náà kẹ́ ẹ tó tan ọkọ̀ èyíkéyìí tó ti sùn mọ́jú nínú ọgbà, ẹ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pàpà.

Tẹ́ ẹ bá bá ọ́ìlì lára rẹ̀, ẹ fi aṣọ ìnura wé e kó má lè lá a, ẹ fi ọṣẹ ìfọwo àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́ títí irun á fi mọ́. Ẹ má fi pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ o. Tó bá jẹ́ pé ẹnu ló ti fi kan nǹkan, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń bì, tàbí tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹ má rọ epo pupa sí i lọ́fun. Epo náà lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e sínú páálí tẹ́ ẹ ti dáhò sí lára, ẹ mú ìgò tàbí agolo nǹkan náà dání kí dókítà ẹran lè rí orúkọ tó wà lára rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa lọ. Wákàtí àkọ́kọ́ ló níye lórí jù.